Bí Psychic Ṣe Gorí Ìtẹ́ Ní Kanto, Àti Ọwọ́ Tó Rọ̀ Ọ́ Lóyè

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Game Freak ní Japan gbé géèmù méjì jáde fún Game Boy, Pokémon Red àti Pokémon Green. Ẹ̀dá 151 ló wà nínú wọn, ẹ̀yà 15 ni wọ́n sì pín àwọn ẹ̀dá náà sí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan géèmù yìí rí mọ òfin rẹ̀: omi ń pa iná, iná ń jó ewéko, ewéko ń fa omi mu. Kò sí ẹ̀yà tí kò ní ọ̀gá tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ fún wa nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yà kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n yàn láti máa nà án kò ní ẹgba lọ́wọ́. Psychic lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yà àwọn tó ń fi agbára ọkàn jà.

Bí ẹ̀yà yẹn ṣe jọba fún ọdún mẹ́ta, àti bí wọ́n ṣe rọ̀ ọ́ lóyè, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbà pé àwọn ti mọ ọ̀daràn rẹ̀ ni. Bi ẹnikẹ́ni tó gbá géèmù yìí nígbà náà, á ní Dark ló pa Psychic. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Dark wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíì ló wà lọ́rùn òkú.

Ẹ̀yìn ìlú Cerulean, nínú koríko Route 24, lọmọ tó ń gbá géèmù náà ti kọ́kọ́ máa ń bá Abra pàdé. Ohun kan ṣoṣo tí Abra mọ̀ ni Teleport, ìyẹn ni pé kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tí o ò bá tètè ju bọ́ọ̀lù, ó ti lọ. Ẹni tó bá rí i mú á máa gbé e kiri bí ẹni gbé ọmọ tí kò tíì rìn, torí kò lè ja ìjà kankan títí táá fi dé ìpele 16. Lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀, ó di Kadabra, ìyà sì parí. Nọ́ńbà ìpìlẹ̀ Kadabra fún Special, ìyẹn agbára ìkọlù tí kì í ṣe tara, jẹ́ 120, ti eré, ìyẹn bó ṣe yára tó, jẹ́ 105. Tó o bá wá lọ́rẹ̀ẹ́ tó ní Game Boy tirẹ̀, tí ẹ sì rí wáyà tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, o fi Kadabra ránṣẹ́ sí i, ó di Alakazam lọ́hùn-ún: Special 135, eré 120. Nínú gbogbo ẹ̀dá 151 yẹn, Mewtwo nìkan ni Special rẹ̀ ju ti Alakazam lọ, 154, Psychic sì ni Mewtwo náà.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí tún dára fún un. Olóró ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Kanto, ilẹ̀ tí géèmù àkọ́kọ́ yìí ti wáyé, 33 nínú 151, ìlọ́po méjì sì ni ìkọlù Psychic fi ń dùn wọ́n. Zubat, Ekans, Koffing àti Grimer ló kún ọwọ́ àwọn jàǹdùkú Team Rocket tó ń dí ọ̀nà mọ́ wa, olóró ni wọ́n pátá. Koga, ọ̀gá jíìmù (ilé ìjà) ìlú Fuchsia, olóró ló fi ń jà. Ẹ̀yà àwọn ajàkadì náà, ìlọ́po méjì. Géèmù náà tilẹ̀ fi èyí pìtàn: jíìmù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nílùú Saffron, ti àwọn oníkáràtè ni ti ìlú tẹ́lẹ̀, kí Sabrina, ọ̀gá jíìmù kejì, tó fi Psychic gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tó o bá fi máa dé ọ̀dọ̀ Sabrina fúnra rẹ̀, Kadabra tìrẹ ti jẹun yó lójú ọ̀nà.

Nínú jíìmù Sabrina yìí lẹ́nìkan ti ń là á mọ́lẹ̀ fún wa pé iwin àti kòkòrò nìkan ni Psychic ń bẹ̀rù. Orí gbólóhùn yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì wá.

Ká kọ́kọ́ pe Kòkòrò. Nínú gbogbo géèmù náà, ìkọlù mẹ́ta péré ni ẹ̀yà Kòkòrò ní tó lè ṣe ara léṣe. Leech Life, agbára rẹ̀ jẹ́ 20. Pin Missile jẹ́ 14, ó ń gbá ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Twineedle jẹ́ 25, ó ń gbá ẹ̀ẹ̀mejì, Beedrill nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Ìkọlù tó ń jẹ́ Psychic gangan, 90 ni. Beedrill tí ì bá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kojú Alakazam, ìdajì ara òun fúnra rẹ̀ olóró ni, kò sì lẹ́sẹ̀ eré tó fi lè ṣáájú, nítorí náà á ti dàkú kó tó na abẹ́rẹ́. Venomoth náà, kòkòrò olóró. Ẹ̀dá kan ṣoṣo tó mọ Pin Missile tí kì í ṣe Beedrill ni Jolteon, ajá mànàmáná, kì í tilẹ̀ ṣe kòkòrò. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Sabrina alára kó Venomoth kan mọ́ àwọn tó fi ń jà. Ó mú ọ̀tá wọnú ilé, ó sì fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Iwin ló kù. Ẹbí kan péré ni iwin ní Kanto: Gastly, Haunter, Gengar. Ìkọlù iwin tó jẹ́ pé ẹ̀yà ló ń pinnu bó ṣe máa dunni tó, ọ̀kan ni, Lick, ahọ́n lílá lásán, agbára 20. Confuse Ray ń da orí rú ni, kì í ṣeni léṣe. Night Shade ní tirẹ̀, ìpele ẹni tó lò ó ló ń wò, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú ẹ̀yà. Gbogbo wọn sì tún jẹ́ olóró, àfi bíi pé wọ́n fi wọ́n jìn fún Psychic. Ìyẹn gan-an kò tíì burú tó èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Nínú tábìlì tí géèmù náà ń wò láti mọ ẹ̀yà tó ń ràn ẹ̀yà, níbi tó yẹ kí iwin ti dùn Psychic ní ìlọ́po méjì, òdo ló wà níbẹ̀. Lick kì í ran Psychic rárá. Àṣìṣe ni, torí ohun tí wọ́n fi sẹ́nu àwọn èèyàn inú géèmù náà yàtọ̀ sí i, eré tẹlifíṣọ̀n wọn náà sì gbé Ash, ọmọ tí eré náà dá lé, lọ sí ìlú Lavender láti lọ wá iwin tó máa fi kojú Sabrina. Àwọn ọmọ tó wo eré yẹn, tí wọ́n wá tọ́ Haunter títí tó fi dàgbà, tí wọ́n gbé e dé Saffron, mo káàánú wọn. Nígbà tí Pokémon Yellow jáde ní 1998, òdo náà ṣì wà níbẹ̀.

Báyìí ọ̀tá méjì ló wà lórí ìwé, kò sí ìkankan lójú ogun. Ó ku ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni mo ní ó wà lọ́rùn òkú.

Special. Nínú géèmù àkọ́kọ́, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ méjì. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò bí ìkọlù rẹ ṣe máa dun ẹlòmíì tó, òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò bí ti ẹlòmíì ṣe máa dùn ọ́ tó, ó kàn ní láti jẹ́ ìkọlù tí kì í ṣe tara: iná, omi, mànàmáná, yìnyín, ewéko, Psychic, dírágónì. Nítorí náà Alakazam tó ní 135, idà rẹ̀ jẹ́ 135, asà rẹ̀ jẹ́ 135. Tí Slowbro bá lo Amnesia, Special rẹ̀ á fo ìpele méjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, yóò wá máa lu èèyàn bí ẹni ń lu ìlù, ìkọlù olúwarẹ̀ kò sì ní wọlé sí i lára mọ́. Mewtwo náà ń kọ́ Amnesia ní ìpele 81. Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Wọ́n tún fi eré kún un. Nígbà yẹn, nọ́ńbà eré ló ń pinnu iye ìgbà tí ìkọlù máa ń ṣèèṣì bọ́ sójú ibi tó ń dunni jù. Ẹni tó bá yára, lemọ́lemọ́ ló ń ṣojúure sí i. Alakazam tó ní 120, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni tirẹ̀ ń bọ́ síbẹ̀. Ìkọlù Psychic fúnra rẹ̀ sì tún ní àǹfààní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta láti bu Special ẹni tó bá lù kù. Ẹ ronú sí i: ó bu idà àti asà rẹ kù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò ní purọ́ pé kò sẹ́ni tó lè dúró. Láàárín àwọn tó mọ géèmù náà dénú, Tauros, Snorlax àti Chansey ló ń lé iwájú pẹ̀lú wọn, ẹ̀yà Normal ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara Alakazam kò lágbára, ààbò rẹ̀ sí ìkọlù tara kò ju 45 lọ, Body Slam méjì láti ọwọ́ Tauros á sì bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tó dá Psychic dúró kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni, tó kàn lágbára jù. Exeggutor, Starmie àti Alakazam sì jókòó pẹ̀lú wọn nídìí àga kan náà, Psychic ni gbogbo wọn. Ẹ̀dá 14 péré ni ẹ̀yà yẹn ní ní Kanto. Ẹ fi wé 33 àwọn olóró, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi iye olóró tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1999, Pokémon Gold àti Silver jáde ní Japan. Ẹ̀dá di 251, ẹ̀yà di 17. Àwọn méjì tó dé tuntun ni Irin àti èyí tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní Dark, òkùnkùn. Àwọn ará Japan ò pè é ní òkùnkùn, Aku ni wọ́n pè é, ìyẹn ibi, ìwà ìkà. Ó mú ọgbọ́n dání ju òkùnkùn lọ lójú tèmi: ẹni tí ọkàn rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀, kò sóhun tí aláwòràn ọkàn lè rí nínú rẹ̀. Psychic kì í ran Dark rárá, ìkọlù Dark sì ń dun Psychic ní ìlọ́po méjì. Irin ń gba ìdajì lára ìkọlù rẹ̀ nù. Wọ́n tún òdo inú tábìlì ṣe, iwin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun Psychic. Ohun táwọn èèyàn rántí nìyí, tí wọ́n fi ń ní Dark ló pa á.

Àmọ́ ka Dark inú Gold àti Silver wò. Mẹ́fà ni: Umbreon, Murkrow, Sneasel, Houndour, Houndoom, Tyranitar. Ní Kanto, lóru, ni wọ́n ti ń rí Murkrow àti Houndour, Kanto sì rèé, ẹ̀yìn ìgbà tó o bá ti ṣẹ́gun àwọn àgbà mẹ́rin, àwọn ọ̀gá ajà tó kẹ́yìn, ni ọ̀nà rẹ̀ ń ṣí. Sneasel àti Larvitar tó ń dàgbà di Tyranitar, lápá Mt. Silver ni, òpin ayé pátápátá. Umbreon nìkan lo lè ní níbẹ̀rẹ̀, tó o bá tọ́ Eevee títí ó fi fẹ́ràn rẹ, tó o sì jẹ́ kó dàgbà lóru. Karen, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́rin náà, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yà yẹn jẹ oyè fún, ẹ̀dá márùn-ún ló fi ń jà: Umbreon, Murkrow, Houndoom, Vileplume, Gengar. Kò rí Dark kó tó márùn-ún. Ewéko olóró àti iwin olóró ló fi dí àlàfo, Psychic sì ń dun àwọn méjèèjì!

Ohun ìjà wọn ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù yìí, ẹ̀yà ìkọlù ló ń sọ bóyá tara ni tàbí ti Special. Wọ́n fi Dark sábẹ́ Special, wọ́n sì fi Iwin sábẹ́ ara. Sneasel tí èékánná rẹ̀ mú bí abẹ, agbára ara rẹ̀ jẹ́ 95, ti Special rẹ̀ jẹ́ 35, torí náà ìkọlù Dark tirẹ̀ kò lè pa eṣinṣin. Gengar gba Shadow Ball, ìkọlù iwin gidi àkọ́kọ́, agbára 80. Special rẹ̀ 130, ara rẹ̀ 65, èyí tó kéré ni wọ́n sì ní kó fi jù ú. Kòkòrò náà rí idà, Megahorn, 120, wọ́n fún Heracross. Ajàkadì ni apá kejì Heracross, Psychic sì tún ń dùn ún. Dark wúlò, n kò sọ pé kò wúlò. Tí o bá ní ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀tá á ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lo Psychic, bó bá sì ń sá lọ, Pursuit, ìkọlù Dark kan, á lù ú ní ìlọ́po méjì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá mẹ́fà tí ìdá kan nínú wọn ò lè lo ohun ìjà tirẹ̀ kò lè dá rọ ọba lóyè.

Ẹni tó rọ̀ ọ́ lóyè ni ẹni tó la Special sí méjì. Láti 1999, idà dá dúró, asà dá dúró. Alakazam pa 135 mọ́ sínú idà, asà rẹ̀ wálẹ̀ sí 85. Mewtwo, 154 àti 90. Exeggutor, 125 àti 65. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lódìkejì: Snorlax tí Special rẹ̀ jẹ́ 65 tẹ́lẹ̀, wọ́n fi 65 sílẹ̀ fún idà rẹ̀, wọ́n wá fún un ní asà 110. Ara rẹ̀ tóbi bí àpáta Olúmọ, asà 110 tún wá bo àpáta náà. Chansey pa 105 rẹ̀ mọ́ lápá asà, ó sì dàgbà di Blissey tí tirẹ̀ jẹ́ 135. Ìkọlù Psychic tó ń gbá àwọn èèyàn ṣubú ní 1996 wá di ohun tí Snorlax ń gbà sára tó sì ń sùn. Amnesia kò gbé idà sókè mọ́, asà nìkan. Eré kò pinnu ìkọlù tó ń bọ́ sójú ibi tó ń dunni jù mọ́, ó di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 16 fún gbogbo ayé. Bíbu Special ẹlòmíì kù bọ́ sí ìdá mẹ́wàá, asà nìkan ló sì ń kàn. Yàtọ̀ sí ti ìkẹyìn yìí, tó kan ìkọlù Psychic, kò sí àyípadà tó dárúkọ ẹ̀yà Psychic. Òfin gbogbogbòò ni wọ́n yí, ilé ọba ló wó.

Iwin kò tíì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà tán síbẹ̀. Ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2006, nígbà tí Diamond àti Pearl jáde, kí wọ́n tó jẹ́ kí ìkọlù kọ̀ọ̀kan máa dá sọ bóyá tara lòun tàbí ti Special. Lọ́jọ́ yẹn ni Gengar fi 130 rẹ̀ ju Shadow Ball fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni Sneasel, tó ti dàgbà di Weavile, fi èékánná gidi họ èèyàn. Kòkòrò gba U-turn, agbára 70, èyí tí ẹni tó lò ó ń fi gbáni tó sì ń sá padà sílé. Ohun tí ará jíìmù Saffron sọ ní 1996, ọdún mẹ́wàá ló gbà kó tó ṣẹ.

Èyí tó kù, kíákíá ni màá sọ ọ́. Ní 2013, wọ́n gba ààbò tí Irin ní sí Dark àti Iwin lọ́wọ́ rẹ̀, Metagross tó jẹ́ Irin àti Psychic sì jìyà rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀yà tuntun, Fairy, dé. Nítorí dírágónì làwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n Fairy ń dun Dark náà, Gardevoir di Psychic àti Fairy pọ̀, ó sì rí ibi fara pamọ́ sí. Ní 2016, Tapu Lele ń tẹ́ ilẹ̀ Psychic sílẹ̀ tó bá ti wọlé: ìkọlù Psychic á fi ìdajì lé sí i, ìkọlù tó máa ń yára ṣáájú kò sì ní ràn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Sucker Punch, ọ̀bẹ ẹ̀yìn tí Dark fi ń gún Psychic láti 2006, kò ràn mọ́ lórí ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí Sword àti Shield dé ní 2019, wọ́n ti yọ Pursuit kúrò pátápátá, Psychic sì lè yí padà sá lọ láìwẹ̀yìn.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2016, ogún ọdún géérégé, Nintendo gbé àwọn géèmù àkọ́kọ́ padà sórí 3DS fún àwọn tó fẹ́ rántí ìgbà èwe. Pípààrọ̀ ẹ̀dá kò nílò wáyà mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Tábìlì ẹ̀yà ní tirẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. O lè lọ mú Gastly kan ní ilé ìṣọ́ Lavender, kó o gbé e lọ bá Abra tó ń sùn ní Route 24, kó o sì ní kó lá a. Á nà ahọ́n, Abra ò ní mira, géèmù náà á sì kọ ọ́ sójú rẹ pé kò ran Abra.